Orí Tí Ń Gbóná: Láti Inú Àròkàn sí Àṣàrò

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ là yé ara wa kan ẹ̀yin olùkọ́ ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ìlú ìwé ni méjèèjì. Ọdún 1896 ni a dá St. Andrew's College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ọdún 1990 ni a dá yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a máa wí pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, pé ojú òun ń ṣú bí òun bá ti ṣí ìwé. Àwọn kan yóò pè é ní ọ̀lẹ. Àwọn mìíràn yóò ní ayé ni ó ń bá a jà. Èwo ni kí olùkọ́ gbà?

Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Kánádà, kọ ìwé lórí àìsàn yìí. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é, brain fag, ni ó lò. Ilé ìwòsàn Arò, ní Abẹ́òkúta, ni Prince ti ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti ṣe ètò kí aláìsàn máa gbé ìletò pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́ pọ̀.

Prince kò fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn oníṣègùn wa. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní ọdún 1963, òun àti Francis Speed ṣe sinimá kan nípa iṣẹ́ wọn, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Wèrè Ni. Nígbà tí ó padà sí Montreal, ó ń bá ìwádìí lọ lórí ọ̀nà tí ẹ̀sìn àti ìparọ́rọ́ ọkàn fi ń wo ènìyàn sàn.

Àwọn onímọ̀ mìíràn tún tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 2002, Segal, Williams àti Teasdale gbé ìwé jáde lórí ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń padà kọlù. Wọ́n pa àṣàrò pọ̀ mọ́ ìtọ́jú tí a ń fi ọ̀rọ̀ ṣe. Àgbájọ ọwọ́ ni a sáà fi ń sọ̀yà.

Kí ni ìyàtọ̀ àṣàrò sí àròkàn? Àwọn àgbà ní àròkàn ni í fa ẹkún. Ẹni tí ń ro àròkàn ń sáré tẹ̀lé èrò rẹ̀: 'N óò fìdí rẹmi, kí ni bàbá mi yóò wí?' Ẹni tí ń ṣe àṣàrò jókòó jẹ́ẹ́, ó fi ọkàn sí èémí rẹ̀. Bí èrò náà bá dé, ó mọ̀ pé èrò lásán ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ó sì rọra dá ọkàn padà sórí èémí. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ìyànjú lè wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi àbùkù kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ bi í bí ó ṣe ń sùn. Kí ó má ṣe máa lo oògùn tí ń lé oorun lọ. Bí kò bá sàn, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí àìbalẹ̀ ọkàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó nílò dókítà lè wà lábẹ́ rẹ̀. Àṣàrò kò rọ́pò dókítà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fetí sí kò ní dá nìkan ru ẹrù rẹ̀.