Ọtí, Másùnmáwo àti Ọkàn: Kí Ló Yàtọ̀ Láàrin Ọkùnrin àti Obìnrin?

Ìtàn méjì kan wà nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní tí a máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n a kì í sábà kà wọ́n pọ̀. Èkíní ni ti Hánà. Ìbànújẹ́ bá obìnrin yìí, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn, Élì àlùfáà sì rò pé ọtí ló ń pa á. Èkejì ni ti Nábálì, ọkùnrin olówó kan tó ṣe àsè ńlá tó sì mutí yó kẹ́ri. Ábígáílì ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ nǹkan kan lóru ọjọ́ náà. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ọtí sì dá lójú rẹ̀ ni ó tó ròyìn ewu Dáfídì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé bá wọn. Ìròyìn náà kọlu ọkùnrin yìí lọ́kàn débi pé kò lè gbéra mọ́, kò sì ju bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ tó fi kú.

Bíbélì kì í ṣe ìwé dókítà, a kò sì ní sọ pé a mọ àrùn tó pa Nábálì. Ṣùgbọ́n ohun méjì tí à ń bá jìjàkadì ní Woolwich àti Thamesmead níbí ló wà nínú àwọn ìtàn náà: ọtí àti másùnmáwo. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni bí méjèèjì ṣe ń ṣe ọkàn, àti ìdí tí wọn kì í fi ṣe ti ọkùnrin àti ti obìnrin bákan náà.

Nǹkan kan ló sún wa kọ ọ́. Ní Sátidé kan, ìyá ọmọ kan wá mú ọmọ rẹ̀ ní kíláàsì wa. Ibi iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Kò tíì fojú kan oorun. Ó ní ẹ̀yìn àti àgbọ̀n ń dun òun, èébì ń gbé òun, òógùn sì bò ó bẹ́ẹ̀ òtútù ń mú níta. A fún un ní omi, a ní kó jókòó, a gbàdúrà. Ẹnìkan ní, "Ẹ ti ń ronú jù, Mọ́mì." Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run forí jì wá, ẹlòmíràn tilẹ̀ sún mọ́ ọn láti mọ̀ bóyá òórùn ọtí wà lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin tí kì í fẹnu kan ọtí! Ó tó wákàtí kan kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan láàrin wa tó tẹ 999. Ọkàn ló ń ṣe é. Ó yè é, a dúpẹ́, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sán ló ń ṣe báyìí. Ṣùgbọ́n wákàtí kan yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. Bó bá jẹ́ bàbá ọmọ ló gbá àyà mú níwájú wa, ṣé a ó jókòó bẹ́ẹ̀?

Èdè wa náà wà nínú ẹ̀bi yìí. Bí Yorùbá bá ní "ọkàn", ohun tó ń lù kì-kì-kì nínú àyà ni, èrò inú sì ni pẹ̀lú. Nítorí náà bí obìnrin bá ní "àyà mi ń já", ìbẹ̀rù la máa ń gbọ́, a kì í gbọ́ ẹran ara. Bẹ́ẹ̀ ẹran ara ni ọkàn, kò ju ìkúùkù olúwa rẹ̀ lọ, ó sì ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́. Ó lè rẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọtí ṣáájú. Bí ọtí bá wọ ara tán, inú omi ara ló ń pò mọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ọ̀rá. Ara obìnrin, bó tilẹ̀ wúwo tó ti ọkùnrin, ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń pọ̀ díẹ̀ sí i, omi inú rẹ̀ sì máa ń dín. Ẹ dá iyọ̀ ṣíbí kan sínú ìkòkò ọbẹ̀ ńlá, kí ẹ tún dá ṣíbí kan sínú ìkòkò kékeré. Iyọ̀ kan náà ni, àbí? Ṣùgbọ́n èwo ni kò ní ṣeé fẹnu kàn? Bí ọkọ àti ìyàwó ṣe mu ife kan náà nìyẹn, tí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó fi pọ̀ ju ti ọkọ lọ. Ohun kejì wà nínú ikùn. Ní 1990 àwọn oníṣègùn láti Ítálì àti Amẹ́ríkà kọ̀wé pé èròjà kan wà níbẹ̀ tó ń fọ́ díẹ̀ nínú ọtí kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀, pé ti obìnrin sì kéré sí ti ọkùnrin. Àwọn kan ti jiyàn lórí bí èyí ṣe tó, ṣùgbọ́n ti omi ara yẹn kò ní àríyànjiyàn.

Kí ni ọtí wá ń ṣe fún ọkàn gan-an? Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, tọkùnrin tobìnrin. Ó tún ń da ìlù ọkàn rú. Ní 1978 àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé àwọn tí ọkàn wọn ń lù ségesège máa ń dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ àti lẹ́yìn ọdún, nígbà tí wọ́n bá ti mu àmujù. Wọ́n pè é ní "ọkàn ọlidé". Àwa tí òwàm̀bẹ̀ wa máa ń di òru, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Bó bá sì pẹ́ títí, ọtí a máa sọ iṣan ọkàn di ọ̀lẹ: ọkàn á fẹ̀, kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa, ẹsẹ̀ á wú, mímí á wá di iṣẹ́.

Níbi tí ìyàtọ̀ ti hàn jù nìyí. Ní 1995 àwọn dókítà ní Barcelona, ní Sípéènì, yẹ àwọn ọ̀mùtí wò, ọkùnrin àti obìnrin. Gbogbo ọtí tí àwọn obìnrin náà ti mu láti ìgbà èwe wọn kò ju nǹkan bí 60 nínú 100 èyí tí àwọn ọkùnrin mu, síbẹ̀ àrùn iṣan ọkàn wọ́pọ̀ láàrin wọn tó ti àwọn ọkùnrin. Ní 2024 ìròyìn mìíràn tún jáde láti California, lórí àwọn èèyàn tó lé ní 430,000. Àwọn obìnrin tó ń mu àmujù lẹ́ẹ̀kan náà, ewu àrùn ọkàn wọn fi 68 nínú 100 ga ju ti àwọn obìnrin tó ń mu níwọ̀nba lọ. Ti àwọn ọkùnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ 33.

Kí ọkùnrin má wá rẹ́rìn-ín o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, iye ọkùnrin tí àìsàn ọtí ń pa tó ìlọ́po méjì ti obìnrin, nítorí pé wọ́n ń mu púpọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Yúníìtì kan jẹ́ milílítà 10 ògidì ọtí. Ìgò Guinness ti Nàìjíríà tó jẹ́ 60cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.5, yúníìtì mẹ́rin ààbọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìgò mẹ́ta ní alẹ́ kan jẹ́ 13.5. Iye tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá ní odidi ọ̀sẹ̀ kan ni 14! Ìgò wáìnì kan tó jẹ́ 75cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 13 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúníìtì mẹ́wàá. Àgbo tí a fi ògógóró tàbí ṣìnáápù rẹ náà, ọtí ni, bí a tilẹ̀ ń pè é ní oògùn. Mọ́ọ̀tì kò sí lára wọn.

Àwọn òbí kan bi wá pé, bí ara bá yàtọ̀, kí ló dé tí ìjọba fi fún ọkùnrin àti obìnrin ní 14 kan náà? Ìbéèrè tó dára ni. Ní ayé àtijọ́, 21 ni wọ́n ń sọ fún ọkùnrin, 14 fún obìnrin. Ọdún 2016 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbọọgba. Kì í ṣe pé wọ́n ní ara dọ́gba. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí èèyàn bá ń mu díẹ̀, ewu méjèèjì kò jìnnà síra. Bó bá pọ̀, ọkùnrin ni ìjàǹbá ojú ẹsẹ̀ ń bá jù, bí ìṣubú, ìjà àti mọ́tò, obìnrin sì ni àìsàn ọjọ́ pípẹ́ ń mú jù.

Ó wá ku másùnmáwo, èyí tí kò sí ẹni tó lè ní òun kì í mu ún. Ẹ wo ìgbé ayé wa: bébà tí a ń retí láti ọ̀dọ̀ ìjọba, owó ilé, owó tí wọ́n ń dúró de nílé ní Ìbàdàn tàbí Oǹdó, iṣẹ́ méjì. Thamesmead kò ní stéṣọ̀n tirẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá jáde ní iṣẹ́ alẹ́ á tún dúró de bọ́ọ̀sì ní Woolwich. Bàbá délé, ó sùn. Ìyá délé, ó gbé ìkòkò kaná, ó tún yẹ iṣẹ́ ilé ìwé ọmọ wò. A kò sọ èyí láti bá àwọn bàbá jà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ní 1997 àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde lórí àwọn adúláwọ̀ tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Igbó-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára 16 nínú 100 èèyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù Káríbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ ìran kan náà, ṣùgbọ́n ayé wọn yàtọ̀. Sísanra àti iyọ̀ wà lára ohun tó fà á, másùnmáwo sì wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ fura sí.

Bí àyà bá já, ara a máa tú èròjà kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀ kí èèyàn lè sá tàbí kó jà. Ní Atlanta ní Amẹ́ríkà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Viola Vaccarino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn tí ọkàn ti dá dúbúlẹ̀ rí jọ, wọ́n ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, wọ́n sì ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé iṣan ọkàn wọn. Láàrin àwọn tí kò tíì ju ẹni 50 ọdún lọ, ẹ̀jẹ̀ kò dé ọkàn dáadáa mọ́ lára 22 nínú 100 obìnrin, ti ọkùnrin jẹ́ 11. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ a máa fún pọ̀ lára obìnrin bí ìdààmú bá dé. Lára ọkùnrin, ẹ̀jẹ̀ tó ń ru àti iṣẹ́ tó ń pọ̀ sí i fún ọkàn ló jù. Àwọn òpó wẹ́wẹ́ yìí kì í sì í hàn dáadáa nínú fọ́tò tí dókítà sábà máa ń yà. Ìdí kan nìyí tí wọ́n fi lè sọ fún obìnrin pé kò sí nǹkan kan.

Àwọn ará Jàpáánì ló sì kọ́kọ́ ṣàpèjúwe èyí tó yà wá lẹ́nu jù, ní 1990. Ìròyìn òjijì bí ikú ọmọ tàbí ọkọ lè mú kí ẹ̀gbẹ́ kan ọkàn wú, kó rí bí ìkòkò tí wọ́n fi ń mú ẹran omi kan ní ilẹ̀ wọn. Orúkọ ìkòkò náà, takotsubo, ni wọ́n fi pè é. Nínú mẹ́wàá tó ń ní in, obìnrin tó mẹ́sàn-án, àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ló sì pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wọn ni ọkàn wọn ń padà bọ̀ sípò láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin kì í sábà ní in, àìsàn ara mìíràn ló sì máa ń fà á fún wọn jù, ṣùgbọ́n àwọn tó bá ní in lára wọn máa ń kú ju àwọn obìnrin lọ. Nítorí náà bí àwọn àgbà bá ní ìbànújẹ́ lè ba ọkàn jẹ́, wọn kò pa òwe.

Ibi tí ọtí àti másùnmáwo ti pàdé ni à ń bẹ̀rù jù. Ọkùnrin a máa mu tirẹ̀ ní gbangba, àwọn ọ̀rẹ́ á sì rí i. Obìnrin ilé ìjọsìn, ìtìjú kò ní jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn kó tó bu wáìnì sínú kọ́ọ̀bù tíì, kí oorun lè kùn ún. Oorun náà á tètè dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó ta jí, ẹ̀jẹ̀ á sì ti ru sókè kí ilẹ̀ tó mọ́. A kò kọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè fi ìka na ẹnìkejì.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà mọ àmì rẹ̀. Àyà tó ń fún mọ́ni tàbí tó ń dunni ló wọ́pọ̀ jù, fún ọkùnrin àti obìnrin. Ìrora tún lè dé apá, ọrùn, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn. Òógùn tútù, èébì àti àìlèmí dáadáa sì lè tẹ̀ lé e, pàápàá lára àwọn obìnrin. 999 ni kí ẹ tẹ̀, kíá. Ẹ má ṣe wọ bọ́ọ̀sì tàbí mọ́tò ọ̀rẹ́ lọ sí Queen Elizabeth, bó tilẹ̀ wà nítòsí, nítorí pé àwọn oní-ambulance lè gbé aláìsàn lọ tààrà sí ibi tí wọ́n ti ń ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn, bíi King's tàbí St Thomas'. Ẹ lè gbàdúrà nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ẹni tó bá ti tó 40 ọdún lè wọ ilé oògùn kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ààwẹ̀ ń bọ̀ yìí bá mú lọ́kàn láti fi ọtí sílẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ bí kò bá tíì mu, kó má ṣe já a sílẹ̀ lójijì láìrí dókítà. Irú èyí lè fa gìrì, ó lè pani. Kó kọ́kọ́ lọ rí GP rẹ̀, wọ́n á fún un ní oògùn tó lè lò títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Bí ojú bá ń tì í láti dá lọ, kó bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kíláàsì. A ó bá a dé ibẹ̀, a kò sì ní béèrè nǹkan kan.