Abíọ́lá Ọláníran

Abíọ́lá Ọláníran jẹ́ oníṣòwò àti olùṣẹ̀dá géèmù orí fóònù, ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Òun ni olùdásílẹ̀ Gamsole, ilé-iṣẹ́ géèmù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012. Àwọn géèmù tí ó ṣe fún fóònù Windows Phone ni ó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀.

Ẹ̀kọ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Ọláníran kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 2010, ó wà lára àwọn tí ó ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje Imagine Cup, tí Microsoft ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri àgbáyé ní ìlú Warsaw, Pólàndì. Lẹ́yìn tí ó dá Gamsole sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà gba owó ìdókòwò láti ọ̀dọ̀ 88mph, ilé-iṣẹ́ kan ní Kẹ́ńyà tí ó ń ran àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́.

Àṣeyọrí Gamsole

Ní ọdún 2011, Nokia, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta fóònù Lumia, tí ó ń lo Windows Phone. Géèmù tí ó wà nínú ìsọ̀ Windows Phone kò tó ti Google tàbí Apple. Ẹni tí ó bá pàtẹ sí ọjà tí kò tíì kún, oníbàárà yóò tètè rí i. Gidi Run wà lára àwọn géèmù Gamsole. Gidi jẹ́ orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pe Èkó. Ìwé ìròyìn Forbes ka Ọláníran mọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò tí ó ń gòkè bọ̀ ní Áfíríkà, ó sì ròyìn pé àwọn ènìyàn ti gba géèmù Gamsole sórí fóònù wọn ní ìgbà tí ó ju mílíọ̀nù 9 lọ, nílé àti lókè òkun.

Òpin Windows Phone

Microsoft ra ẹ̀ka fóònù Nokia ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n Windows Phone kò lè bá Android àti iPhone figagbága. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2017, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows Phone 8.1 dúró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Géèmù tí a kọ fún Windows Phone kò lè ṣiṣẹ́ lórí Android àfi tí a bá tún un kọ.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún Shigeru Miyamoto ti ilẹ̀ Japan. Nintendo, tí ó ń bá ṣiṣẹ́, ni ó ni ẹ̀rọ, òun náà ni ó ni géèmù. Nítorí náà, Donkey Kong tí Miyamoto ṣe ní ọdún 1981 ṣì ṣeé ta lórí ẹ̀rọ Nintendo tuntun. Géèmù nìkan ni Gamsole ní. Microsoft ni ó ni ọjà.