Kí Ló Dé Tí Òjò Tí Rédíò Kéde Kò Rọ̀ Sí Oko Yín?

Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi wá pé: "Rédíò ní òjò yóò rọ̀, a gbin àgbàdo, oòrùn sì jó o pa. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni?" Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé e dé.

Ẹ́ńjìnnì àti bẹ́líìtì

Ẹ wo ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀, ohun tó ń rin ẹ̀gẹ́ wà lọ́tọ̀, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ojú ọjọ́ rí. Apá kìíní ni ẹ́ńjìnnì: òun ló ń ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn, tó ń gbé ooru àti ọ̀rinrin kiri. Apá kejì ló ń ṣírò ìkùukùu, òjò, oòrùn, àti omi tó ń gòkè láti inú ilẹ̀ àti ara ewé.

Ẹ́ńjìnnì á sọ fún apá kejì bí atẹ́gùn, ooru àti ọ̀rinrin ṣe rí. Apá kejì á ṣírò tirẹ̀, á dáhùn pé òjò báyìí ti rọ̀, ooru báyìí ti kún un. Ẹ́ńjìnnì á gbà á, á tún tẹ̀ síwájú. Báyìí ni wọ́n á máa ṣe ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, títí wọn yóò fi ka ọjọ́ tó ń bọ̀ tán.

Bí ìsopọ̀ kò bá gún

Omi tí apá kejì bá ní ó ti di òjò gbọ́dọ̀ dín kúrò nínú ọ̀rinrin tó wà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Òṣùwọ̀n wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹnì kan bá ń fi kọ́ńgò wọn ọjà, tí èkejì ń lo kílò, ìṣirò á dàrú.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, àwọn ará Amẹ́ríkà pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì GFS, kọ̀ǹpútà ojú ọjọ́ wọn. Kí wọ́n tó gbé e jáde, wọ́n rí i pé tuntun náà ń sọ òtútù ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń ka yìnyín pọ̀ jù. Wọ́n ní láti sún ọjọ́ síwájú.

Ibi tí òjò tiwa ti le

Kọ̀ǹpútà pín ayé sí ìpín-ìpín, bí ẹni la oko. Ìpín GFS fẹ̀ tó bíi kìlómítà 13. Ìkùukùu òjò ọ̀sán wa lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ́ńjìnnì kò rí i. Apá kejì ló ń fojú bù ú. Òjò lè rọ̀ sí oko yín, kí oko aládùúgbò gbẹ, síbẹ̀ iye kan náà ni kọ̀ǹpútà yóò kà fún ẹ̀yin méjèèjì. Ìfojúbù yìí tún máa ń mú kí òjò kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ojúlówó òjò ṣì di ìrọ̀lẹ́ tàbí òru.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Ẹ gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí NiMet ń gbé jáde lọ́dọọdún kí ẹ tó ra irúgbìn. Ti agbègbè ni, kì í ṣe ti oko kan.

2. Ẹ má gbin àgbàdo nítorí òjò kan ṣoṣo. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí ìsàlẹ̀ bá ṣì gbẹ, ẹ ní sùúrù.

3. Ẹ pín oko sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ má gbìn ín tán lọ́jọ́ kan.

4. Bí wọ́n bá kéde òjò ńlá, ẹ má fọ́n ajílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àgbàrá á gbé owó yín lọ.

5. Ẹ gbé agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ dọ́gba sí gbangba oko. Ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ láràárọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dà á nù.

Ẹ gbọ́ ti rédíò, ṣùgbọ́n ẹ bi ilẹ̀ oko yín léèrè pẹ̀lú. Bí ohun kan bá ṣì rú yín lójú, ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń bẹ agbègbè yín wò. Ire oko o!