Sólà tó ṣeé ká: Kí oníṣòwò ka wáàtì rẹ̀ kó tó ka owó sílẹ̀

Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ọ̀rọ̀ iná ti di ohun tí àwọn oníṣòwò kéékèèké ń fi ojoojúmọ́ ṣírò. Epo tí kò tó ₦200 lítà kan l'Ékòó nígbà náà ti lé ní ₦500 kí ọdún yẹn tó parí. Nígbà tó sì di oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ó ti sún mọ́ ₦1,000. Iná ìjọba pàápàá kò rọjú. Ní oṣù kẹrin, ọdún 2024, àjọ NERC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná gbé owó iná àwọn tó wà ní ìpele 'Band A' láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 lórí yúnítì kan. Lọ́dún kan náà, gbogbo ẹ̀ka iná orílẹ̀-èdè yìí dákú lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun tó fà á nìyí tí ọjà kan fi ń wọ ọwọ́ àwọn èèyàn báyìí: sólà tó ṣeé ká. Bí wọ́n bá ká a, ó dà bí báàgì àgbékọ́wọ́. Bí wọ́n bá ṣí i, ó máa ń là sí abala méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn aláwọ̀ funfun tó máa ń lọ pa àgọ́ sínú igbó láti fi gbafẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á fún jù, kí wọ́n lè rí iná sí fóònù àti sí gílóòbù wọn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ yìí, onígbàjámọ̀, télọ̀, oní-POS àti àgbẹ̀ tó ń sùn sábà ló ń béèrè rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó lè gba jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìdáhùn ibẹ̀ kò le: ó lè gba iṣẹ́ kan ṣe, kò sì ní í lè ṣe òmíràn. Ìṣirò kékeré kan ni yóò sọ èyí tó jẹ́ ti oníkálukú, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe é kí wọ́n tó sanwó.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìmọ̀ tó wà nídìí sólà kì í ṣe tuntun. Ọdún 1954 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwádìí Bell l'Ámẹ́ríkà fi èròjà tí wọ́n ń pè ní sílíkọ́ọ̀nù ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó wúlò. Wọ́n á gé sílíkọ́ọ̀nù náà pẹlẹbẹ, wọ́n á tò ó sára pánẹ́ẹ̀lì. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá ti bà lé e, iná yóò máa jáde. Èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ òrùlé ní gíláàsì àti irin, ó sì wúwo. Rọ́bà fẹ́lẹ́ àti aṣọ tó yi ni wọ́n fi ṣe ara èyí tó ṣeé ká, ìdí nìyẹn tí èyí tó jẹ́ 100 wáàtì kì í fi í sábà ju nǹkan bíi kílò mẹ́rin sí márùn-ún lọ.

Pánẹ́ẹ̀lì kì í tọ́jú iná pamọ́. Bí kùrukùrù bá bo oòrùn, iná rẹ̀ ti dín kù nìyẹn, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ó tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so ó mọ́ bátìrì. Ó lè jẹ́ páwà bánkì kékeré fún fóònù, ó sì lè jẹ́ àpótí bátìrì tó ní ínfátà nínú, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní 'power station'. Ínfátà yìí ló ń sọ iná bátìrì di irú iná NEPA, kí kílípà tàbí fáànù lè lò ó.

Wáàtì ara páálí kì í ṣe wáàtì ọjà

Ohun méjì ni oníṣòwò gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀ síra. Wáàtì ni bí iná ṣe ń yára jáde, bí omi ṣe ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ. Wáàtì-wákàtí ni àpapọ̀ iná náà, bí iye omi tó kó sínú garawa. Gílóòbù wáàtì 7 tó bá tàn fún wákàtí mẹ́rin ti jẹ iná wáàtì-wákàtí 28. Kò ju kí èèyàn fi wáàtì pọ̀ mọ́ wákàtí ní ìlọ́po lọ.

Bí wọ́n bá kọ 100 wáàtì sára páálí, inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti mú dáadáa tí pánẹ́ẹ̀lì kò sì gbóná ju ìwọ̀n 25 lọ. Nínú oòrùn ọ̀sán n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta, ara pánẹ́ẹ̀lì lè gbóná ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, bó bá sì ṣe ń gbóná sí i ni iná rẹ̀ ń dín kù. Ẹ fi eruku kún un, kí ẹ tún fi kún un pé oòrùn kì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá rí 60 sí 70 wáàtì lára èyí tí wọ́n pè ní 100 kò rí ìrẹ́jẹ.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, oòrùn tó mú dáadáa lóòjọ́ kò ju ohun tó tó wákàtí mẹ́rin lọ, bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ jọ. Nítorí náà, kí oníṣòwò ka pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì sí nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 250 lóòjọ́. Nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ tí òjò máa ń ṣú, ó lè má rí tó bẹ́ẹ̀.

Ti oní-POS, ti onígbàjámọ̀, ti télọ̀

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò yìí wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Oní-POS tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní ẹ̀rọ POS kan, fóònù méjì àti gílóòbù kan tó ń tàn fún wákàtí mẹ́rin lálẹ́. Bí ẹ̀rọ POS àti fóònù kọ̀ọ̀kan bá gba nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 20, tí gílóòbù sì gba 28, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 88. Bí wọ́n bá fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un fún iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, kò ju 106 lọ. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 60 tó fún un.

Onígbàjámọ̀ tirẹ̀ ní kílípà méjì tó jẹ́ wáàtì 12 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà: 144 nìyẹn. Gílóòbù mẹ́ta tó jẹ́ wáàtì 7 fún wákàtí mẹ́rin jẹ́ 84. Fáànù kékeré wáàtì 20 fún wákàtí mẹ́fà jẹ́ 120, fóònù rẹ̀ jẹ́ 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 368, bí wọ́n bá sì fi ti òfò kún un, ó di nǹkan bíi 440. Pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì kò lè gbé e. Wáàtì 200 ni yóò rà, pẹ̀lú àpótí bátìrì tó tó wáàtì-wákàtí 500.

Ibi tí télọ̀ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 tí wọ́n fi lọ aṣọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ti jẹ wáàtì-wákàtí 500, ìyẹn iná tí pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì máa fi ọjọ́ méjì kó jọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àpótí bátìrì tí wọ́n kọ 300 wáàtì sí lára kò lè gbé áyọ́ọ̀nù náà rárá, ńṣe ni yóò pa ara rẹ̀. Kí télọ̀ fi sólà tan gílóòbù, kó sì fi wa ẹ̀rọ ìránṣọ kékeré, ṣùgbọ́n kó máa lo áyọ́ọ̀nù eléèédú.

Ìyá ẹlẹ́ja tó ní fírísà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọlọ́jà kankan fi sólà tó ṣeé ká tan òun jẹ. Fírísà máa ń gba iná ní ìlọ́po mélòó kan bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ sinmi lóru. Sólà orí òrùlé àti bátìrì ńlá ló yẹ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìgbà wo lowó máa padà?

Kì í ṣe gbogbo owó epo ni sólà máa dá padà, owó epo tí wọn kò rà mọ́ nìkan ni. Ká ní oníṣòwò kan ń ná ₦1,500 sórí epo lójúmọ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ₦39,000 nìyẹn. Bí sólà àti bátìrì tó fẹ́ rà bá jẹ́ ₦390,000, tó sì pa jẹnẹrétọ̀ náà tì pátápátá, oṣù mẹ́wàá ni owó rẹ̀ máa fi padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdajì epo ló dín kù, oṣù 20 ni. Kí oníkálukú fi iye tirẹ̀ sí i.

Bátìrì tún ní ọjọ́ orí. Èyí tí wọ́n kọ 'LiFePO4' sí lára sábà máa ń gba iná kún nígbà 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rẹ̀ ẹ́, èyí tó lé ní ọdún márùn-ún bí wọ́n bá ń lò ó lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn líthíọ́ọ̀mù yòókù máa ń rẹ̀ láàárín ìgbà 500 sí 800. Ẹni tí owó rẹ̀ máa padà ní oṣù 20, tí bátìrì rẹ̀ sì rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà 500, gbèsè ló rà.

Èrè kan wà tí kò sí nínú ìwé ìṣirò. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Sólà kò ní èéfín, kò sì pariwo mọ́ oníbàárà létí.

Bí wọ́n ṣe ń dá ayédèrú mọ̀

Ìwọ̀n ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń tú àṣírí. Pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì tòótọ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi ìdajì mítà oníbùú-lóròó bí wọ́n bá ṣí i tán. Èyí tí kò fẹ̀ ju ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé lọ kò lè mú ju wáàtì mélòó kan jáde, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sára páálí rẹ̀. Kí wọ́n ṣí i sínú oòrùn níwájú ọlọ́jà, kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọ̀n ọ́n.

Ti páwà bánkì, nọ́ńbà mAh ni wọ́n fi ń dá ojú rú. Kí èèyàn pín in sí 1,000, kó wá fi 3.7 sọ ọ́ di púpọ̀. Èyí tó jẹ́ 20,000 mAh kò ju wáàtì-wákàtí 74 lọ. Kí oníbàárà gba rìsíìtì àti ìwé ìdánilójú. Bí ọlọ́jà bá ta ayédèrú tó sì kọ̀ láti gbà á padà, àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ni wọ́n máa mú ẹjọ́ lọ bá.

Àwọn tó ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà tó fẹ́ fi í ránṣẹ́ sílé náà ní òfin tiwọn. Pánẹ́ẹ̀lì nìkan kò ní wàhálà nínú ọkọ̀ òfúrufú, bátìrì ni wọ́n ń ṣọ́. Èyí tí kò ju wáàtì-wákàtí 100 lọ lè wà nínú ẹrù ọwọ́. Láti 100 sí 160, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èrò ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ gbé èyí tó bá ju 160 lọ dání.

Ìtọ́jú rẹ̀

Kí wọ́n máa yí ojú rẹ̀ sí oòrùn, ìlà-oòrùn láàárọ̀, ìwọ̀-oòrùn ní ìrọ̀lẹ́. Òjìji kékeré láti ara òpó tàbí agboòrùn lè dín iná rẹ̀ kù gan-an, nítorí ara wọn ni gbogbo abala rẹ̀ so mọ́. Bátìrì kò gbọ́dọ̀ wà nínú oòrùn pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì, abẹ́ òjìji ni ibùjókòó tirẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, kí wọ́n máa fi aṣọ múlọ́múlọ́ tó rin díẹ̀ nu eruku kúrò. Bí òjò bá sì ń bọ̀, kí wọ́n tètè ká a, nítorí ojú ihò USB rẹ̀ kò fẹ́ omi. Lálẹ́, ó gbọ́dọ̀ bá olówó rẹ̀ wọlé, kí olè má baà jẹ èrè rẹ̀.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Oníṣòwò tó bá kọ wáàtì àti wákàtí gbogbo ohun tó ń lò sínú ìwé kó tó wọ ọjà yóò mọ èyí tó yẹ kó rà. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ lè ra sólà tán, kó tún máa ra epo.