Èrìgì Tó Ń Ṣẹ̀jẹ̀: Ẹ Má Dá Fífọ Eyín Dúró

Nídìí oògùn tí a ń tà, a sábà máa ń gbọ́ ọ fún wa pé: "Èrìgì mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo ti dá fífọ eyín dúró. Ẹ fún mi ní kápúsù." Méjèèjì ló kù díẹ̀ káàtó.

Eyín fìdí múlẹ̀ nínú egungun àgbọ̀n, ó sì la ẹran já síta. Ojú ihò tó gbà jáde yìí ni Ọlọ́hun fi èrìgì dí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ọrùn eyín pinpin. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn fọ́nrán líle so èrìgì mọ́ gbòǹgbò eyín, bí okùn ṣe ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Lókè ibi tó lẹ̀ yìí, àlàfo kékeré yí eyín ká. Bí èrìgì bá dá ṣáṣá, kì í sábà jìn ju mìlímítà 3 lọ.

Àlàfo yìí ni ìdọ̀tí ń sá sí. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, èrìgì á wú, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀; ìdọ̀tí á le bí òkúta. Bó bá pẹ́, èrìgì lè ṣí kúrò lára eyín, kí egungun tó gbé e dúró sì máa jẹ. Àwa ará etí òkun Àgbádárìgì mọ igi àgbọn tí omi ń kó iyanrìn ìdí rẹ̀ lọ: kì í wó lọ́jọ́ kan.

Nígbà tó ṣì jẹ́ wíwú lásán, ìmọ́tótó lè dá èrìgì padà sí ipò rẹ̀. Egungun tó ti jẹ kì í ṣàdédé hù padà. Kápúsù kò sì lè họ òkúta eyín. Iṣẹ́ dókítà eyín ni.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ràn pákò tó bẹ́ẹ̀ tó fi sọ pé bí kì í bá ṣe ìnira fún ìjọ òun, òun ìbá pa á láṣẹ nígbà gbogbo ìrun. Orín àtà tàbí pákò Ìjẹ̀bù dára. Ẹ rún orí rẹ̀ kó rọ̀, kí ẹ rọra fi fọ etí èrìgì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà eyín. Kí aláboyún àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà má dúró tó bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.