Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìró wọn jọra

Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìró wọn jọra ni àwọn ọ̀rọ̀ tí etí ń gbọ́ bákan náà, ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ àti àkọtọ́ wọn yàtọ̀. Fún ẹni tí ó ń sọ èdè Yorùbá, oríṣi méjì ni wọ́n: àwọn tí ìró wọn dọ́gba lẹ́nu elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, àti àwọn tí ìró wọn dọ́gba nígbà tí Yorùbá bá pè wọ́n.

Lẹ́nu elédè Gẹ̀ẹ́sì

Irú wọn ni *sea* (òkun) àti *see* (rí), *write* (kọ) àti *right* (ọ̀tún), *knight* (jagunjagun ẹlẹ́ṣin) àti *night* (òru). Ìró wọn kò dọ́gba láyé àtijọ́. Wọ́n máa ń pe *k* inú *knight* àti *w* inú *write*. Ìpè yí padà, ṣùgbọ́n àkọtọ́ àtijọ́ kò kúrò nínú ìwé. Etí kò lè ran ènìyàn lọ́wọ́ níbí: ìtumọ̀ gbólóhùn ni a ó wò, a ó sì kọ́ àkọtọ́ wọn sórí.

Lẹ́nu Yorùbá

Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní. Méjìlá ni fáwẹ̀lì geere inú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé. Yorùbá kò sì ní ìró *v*, *z*, *ch* àti *th*. Àwọn ọ̀rọ̀ àyálò jẹ́rìí sí i: *vowel* di fáwẹ̀lì, *church* di ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, ìró Yorùbá kan a máa dúró fún ìró Gẹ̀ẹ́sì méjì:

* i: *ship* (ọkọ̀ ojú omi), *sheep* (àgùntàn)
* u: *full* (kún), *fool* (òmùgọ̀)
* f: *fan* (abẹ̀bẹ̀), *van* (ọkọ̀ akẹ́rù)
* s: *price* (iye owó), *prize* (ẹ̀bùn)
* ṣ: *share* (pín), *chair* (àga)
* t: *tree* (igi), *three* (mẹ́ta)

Àṣìṣe yìí lè yí ọ̀rọ̀ padà pátápátá. *My father is living* túmọ̀ sí pé bàbá mi wà láàyè. *My father is leaving* túmọ̀ sí pé ó ń lọ.

Kì í ṣe àìlọ́gbọ́n ni ó fà á. Etí tí kò bá dàgbà pẹ̀lú ohùn Yorùbá kì í tètè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀.

Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀

Oríṣi kejì yìí ni etí àti ẹnu lè kọ́. A ó fa fáwẹ̀lì *leave* gùn ju ti *live* lọ, a ó sì fẹ ètè sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá fi ìka kan ọ̀fun, yóò máa gbọ̀n nígbà tí a bá pe *v* tàbí *z*, kò ní gbọ̀n fún *f* tàbí *s*. Fún *th*, orí ahọ́n a wà láàárín eyín.

Ẹni tí ó fẹ́ wọ Federal Polytechnic, Offa, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, yóò ṣe ìdánwò UTME. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan nínú rẹ̀, ìbéèrè lórí ìró ọ̀rọ̀ sì máa ń wà níbẹ̀.