Differential Ẹ̀yìn: Nọ́ńbà Wo Ló Tọ́ sí Mustang Alágbára?

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ra Ford Mustang GT ọdún 2015, èyí tó ń lo kílọ́ọ̀ṣì, lè bá differential ẹ̀yìn rẹ̀ ní 3.31, 3.55 tàbí 3.73. Lójú ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì, kí ló wà nínú ìyàtọ̀ yẹn? Òun ló ń sọ bí ọkọ̀ yóò ṣe gbéra, iye ìgbà tí awakọ̀ yóò pààrọ̀ gíà, àti bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe máa ké tó lójú títì márosẹ̀.

Ibi tí nọ́ńbà náà ti wá kò ṣòro. Nínú differential, irin ńlá kan tí wọ́n ń pè ní crown wheel àti kékeré kan tó ń jẹ́ pinion ló ń fi eyín wọnú ara wọn. Bí ńlá bá ní eyín 41, tí kékeré ní 11, ẹ pín 41 sí ọ̀nà 11, ẹ ó rí 3.73. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ipá ìgbéra ń pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì náà á sì máa yí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọkọ̀ tó lè sá iye eré kan náà.

Ìmọ̀ràn tó gbòde láàárín àwọn olólùfẹ́ Mustang ni pé kéèyàn tètè wá 3.73, tàbí 4.10 pàápàá. Ìmọ̀ràn yìí kò ṣàdédé wáyé. Ní 1987, Mustang 5.0 onígíà márùn-ún, alágbára ẹṣin 225, ń ti ilé-iṣẹ́ jáde pẹ̀lú 2.73. Gíà kìíní rẹ̀ jẹ́ 3.35. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, 9.15 ni. Ẹni tó bá yọ 2.73 tó fi 3.73 sí i yóò rí 12.5, kò sì ní ṣàì mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá gbéra.

Ẹ wá wo ti 2015. Gíà kìíní rẹ̀ jẹ́ 3.66, pẹ̀lú 3.31 tó kéré jù lọ, èsì rẹ̀ jẹ́ 12.1. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú bóòtù kan lára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí àwọn tọjọ́un ń náwó dé, agbára ẹṣin 435 sì ló ń tì í. Asán ni nọ́ńbà ẹ̀yìn bí a kò bá kà á pọ̀ mọ́ ti gíàbọ́ọ̀sì.

Dodge Viper ọdún 1992 tún jẹ́rìí sí i. Ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́jọ, agbára ẹṣin 400, síbẹ̀ 3.07 péré ni wọ́n fún un. Ẹ́ńjìnnì tó ti ní ipá láti ìsàlẹ̀ wá kò nílò àfikún; táyà ni yóò máa yí lásán lójú kan.

Gíà kejì ni mo rò pé ó yẹ kí olùrà fara balẹ̀ wò jù. Bí ẹ́ńjìnnì GT bá ń yí nígbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí ríìmù rẹ̀ jẹ́ onínṣì 19, gíà kejì pẹ̀lú 3.31 á gbé e dé nǹkan bíi kìlómítà 112 ní wákàtí kan. Pẹ̀lú 3.73, ó dé bíi 100. Pẹ̀lú 4.10, ó ti tán ní 91. Máìlì 60, ìyẹn kìlómítà 97, sì ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń díwọ̀n bí ọkọ̀ ṣe ń tètè gbéra. Oní-4.10 gbọ́dọ̀ tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó tó débẹ̀, ibẹ̀ sì ni àkókò tó rò pé òun jèrè ń bá lọ.

Lójú títì márosẹ̀, ní kìlómítà 120 lórí gíà kẹfà, 3.31 ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà bíi 2,000, 3.73 sì ń yí i nígbà 2,250. Ìyẹn kò lè ba ìrìn-àjò jẹ́. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, 3.55 tó o. 3.73 dára fún pápá eré ìje oníkọ́nà. Ẹ fi 4.10 sílẹ̀ fún ẹni tó ń fi táyà tó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ sáré ìje ọlọ́nà tààrà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kó wá ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mẹkáníìkì á fi ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí ofeefee kun eyín crown wheel, á yí i, á wá wo ibi tí eyín pinion ti họ ọ̀dà náà. Àárín eyín ló yẹ kí àpá náà wà. Àlàfo tó wà láàárín eyín méjèèjì kò gbọdọ̀ tó ìdajì mìlímítà. Bí kò bá ṣe déédéé, differential á máa hu lójú ọ̀nà, eyín á sì tètè jẹ. Lẹ́yìn èyí, ó kù kí wọ́n fi nọ́ńbà tuntun náà sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀.